Kì Í Ṣe Ogbó Ló Pa Eshqobil Polvon

Eshqobil Polvon kú ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, a sì sin ín kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Omi tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ kò tíì gbẹ nílẹ̀ àgbàlá nígbà tí ilé ìwòsàn Chilonsoy ti sọ fún aráyé pé ogbó àti àárẹ̀ ọkàn ló mú un lọ. Hokim, olórí àgbègbè wa, fi òdòdó ńlá ránṣẹ́. Ọ̀gá dókítà fúnra rẹ̀, Tolib Saidovich, wá sí ẹnu ọ̀nà ilé òkú. Ó de àmùrè mọ́ chapan, ẹ̀wù gígùn rẹ̀, bí àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ ṣe ń ṣe, ó bọ àwọn ọmọ olóògbé lọ́wọ́, ó mirí, ó ní, "Òkè ńlá ló ṣí kúrò láàárín wa."

Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n òkè kì í ṣàdédé ṣí. Ẹnì kan ní láti wa ìdí rẹ̀.

Ogbó wo? Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni Eshqobil. Bàbá tó bí i lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló sì wà tó ń ti oko bọ̀ nígbà tí ọlọ́jọ́ dé. Ọkàn wo? Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ikú rẹ̀ ni ọkùnrin yìí ń fi ṣọ́bìrì hú àwọn igi àjàrà rẹ̀ jáde kúrò nínú iyẹ̀pẹ̀ tí a fi bò wọ́n fún òtútù, tí ó ń kọrin, tí àwa ará ilé kejì sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó jọ̀ọ́ kó dákẹ́, nítorí ohùn rẹ̀ kò dára tó agbára rẹ̀.

Èmi oníròyìn tó ń kọ èyí ni ará ilé kejì yẹn. Ògiri amọ̀ kan ṣoṣo ló wà láàárín àgbàlá wa àti tiwọn. Nítorí náà, ẹ má retí ohùn tútù lẹ́nu mi lónìí.

Níbí, ní gúúsù orílẹ̀-èdè wa, ọmọ tí kò tíì mọ lẹ́tà kan sí èkejì ti mọ bí a ṣe ń di ẹlòmíràn ní àmùrè mú. Ìdúró la fi ń ja kurash, ìjàkadì wa; ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti kanlẹ̀, ìjà tirẹ̀ parí. Polvon là ń pe ẹni tó bá mọ̀ ọ́n jà débi pé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kò tó pè mọ́. Nígbà tí Eshqobil wà ní ọ̀dọ́, kò sí ìgbéyàwó láti ibí dé Boysun tí wọn kì í dúró dè é kí wọ́n tó tẹ́ pápá. Ó gba àgbò lẹ́bùn ìjà, ó gba kápẹ́ẹ̀tì. Ó gba ràkúnmí kan tí ìyá rẹ̀ ní kò gbọ́dọ̀ wọ àgbàlá òun, ló bá fa okùn rẹ̀ lé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lọ́wọ́, ó ní kó máa mú un lọ, ọ̀nà ilé rẹ̀ jìn ju tòun lọ.

Nígbà tí ara kò gba ìjà mọ́, ó di olùkọ́ eré ìdárayá nílé ìwé wa. Bàbá mi kò fẹ́ kí ọmọbìnrin sún mọ́ pápá kurash. Eshqobil wá bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó sì sọ̀rọ̀ kan tí bàbá mi ń tún sọ títí ó fi kú. Ó ní, "Aládùúgbò, mi ò kọ́ Sabohat ní ìjà o. Ìṣubú ni mò ń kọ́ ọ. Àbí àwọn ọmọbìnrin kì í ṣubú ni?" Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe kọ́ bí a ṣe ń bọ́ sílẹ̀ láì ṣẹ́ eegun, ọkùnrin àti obìnrin.

Ìjà gba nǹkan lọ́wọ́ òun náà. Orúnkún òsì rẹ̀ ti ń dùn ún láti ọdún pípẹ́. Ìyá ìyàwó ló ń pe orúnkún náà. Ó ní bí òun bá jí láàárọ̀, orúnkún yìí ni yóò kọ́kọ́ ráhùn. Bí òun bá sì rin díẹ̀, tí tíì gbígbóná wọ ikùn, yóò dákẹ́. Ṣùgbọ́n kí òun má dán an wò pé òun yóò gun òkè, nítorí ẹjọ́ rẹ̀ kò ní tán títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. A máa ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀, Oysuluv, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Erali, kì í rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú eegun àti oríkèé ní Chilonsoy, kí ẹni tí kì í ṣe ará ibí lè mọ̀. Obìnrin tó ti ń bẹ̀rẹ̀ já òwú láti kékeré, ẹ̀yìn rẹ̀ dùn ún: abẹ́rẹ́. Ìyá tó ń lẹ búrẹ́dì mọ́ inú ààrò, tí kò lè gbé apá dé orí mọ́: abẹ́rẹ́. Darandaran tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wú pọ́n bí ata: abẹ́rẹ́ kan náà. Kí o tó nawọ́ sí ibi tó ń dùn ọ́, ó ti wọlé, wọ́n ti pe ẹni tó kàn. Kò sí ẹni tó ní kí o bọ́ bàtà. Kò sí ẹni tó béèrè pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ṣé ibà wà níbẹ̀, ṣé ó ń jí ọ lójú oorun.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n rán Mavjuda sí wa, dókítà ìdílé, ọ̀dọ́mọbìnrin tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Mavjuda ní kí àwọn ènìyàn bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ó ní kí wọ́n rìn lọ, kí wọ́n rìn bọ̀, kí wọ́n lóṣòó, kí wọ́n dìde. Àwọn ìyá àgbà bínú. Ọ̀kan jáde láti yàrá rẹ̀, ó ń so ìborùn, ó ní, "Ó mú mi rìn lọ rìn bọ̀, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ìbàdí mi. Ẹṣin ló fẹ́ rà ni?" Ṣùgbọ́n Mavjuda yìí ló rí i pé orúnkún tí Ìyá Erali ti ń gba abẹ́rẹ́ sí láti ọdún mẹ́ta kò ní àìsàn kankan, pé egungun ìbàdí ló ti bàjẹ́, tí ìrora rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí orúnkún. Ọwọ́ lásán ló fi mọ̀ ọ́n: ó gbé ẹsẹ̀ náà, ó yí i, obìnrin náà sì di ìbàdí mú.

Eshqobil fẹ́ràn Mavjuda. Dókítà náà kọ́ ọ bí yóò ṣe máa na ẹsẹ̀ lórí àga kí itan rẹ̀ lè lágbára, kí ẹrù orúnkún lè fúyẹ́, ó sì ní kó dín ìrẹsì ọlọ́ràá kù. Ó ń ṣe ti itan. Ní ti ìrẹsì, ó ní òun kò tíì kọ́ bí a ṣe ń bọ́ sílẹ̀ nínú ìyẹn.

Nígbà tí ọdún Navruz kọjá ní ìrúwé, irin ṣọ́bìrì bó o ní ẹsẹ̀ nídìí àjàrà. Egbò kékeré ni, ó fi omi ṣàn án, ó gbàgbé rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó jí tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Orúnkún òsì ti wú, ó ń dán, ó gbóná débi pé kò lè fara da kí aṣọ ìbora kàn án. Kò lè fi ẹsẹ̀ náà tẹ ilẹ̀. Erali, ọmọ rẹ̀, fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Mavjuda béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ìrora àtijọ́ náà ni. Ìyá Erali wà níbẹ̀, òun ló sọ èsì ọkọ rẹ̀ fún mi. Ó ní, "Rárá, ọmọ mi. Èyí kì í ṣe ìyá ìyàwó mi. Àlejò kan ló wọlé, mi ò sì mọ̀ ọ́n."

Ta ló tún fẹ́ kí aláìsàn ṣàlàyé ara rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Dókítà náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan orúnkún méjèèjì, ọ̀kan tutù, ọ̀kan ń jó. Ó gbìyànjú láti ká èyí tó gbóná, ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ igbe rẹ̀ rí lórí pápá ké. Ibà wà lára rẹ̀. Mavjuda sọ fún tọkọtaya náà pé orúnkún kan ṣoṣo tó bá ṣàdédé wú, tó gbóná, tí ibà sì bá a rìn, ká gbà pé kòkòrò ti wọnú rẹ̀ títí tí abẹ́rẹ́ yóò fi fa omi inú rẹ̀ jáde tí a ó sì rí i pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kì í ṣe ọ̀la, òní ni kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Termez. Ó jáde lọ béèrè ọkọ̀ ilé ìwòsàn.

Kì í ṣe ọkọ̀ ló bá a padà. Tolib Saidovich ló bá a padà, pẹ̀lú ọkùnrin kan láti ọ́fíìsì hokim.

Kí ẹ tó lè mọ ìdí, ẹ ní láti mọ̀ pé ní ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ ṣí gbọ̀ngàn kurash tuntun wa. Orúkọ Eshqobil Polvon ni wọ́n fi sọ ọ́. Àlejò ń bọ̀ láti Tashkent, olú ìlú. Tẹlifíṣọ̀n ń bọ̀. Àga ńlá kan wà láàárín iwájú tó jẹ́ ti Polvon, èèyàn sì gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀.

Tolib Saidovich ń rẹ́rìn-ín bọ̀. Ó ní, "Polvon aka, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tí ẹ ti dá gbogbo Boysun délẹ̀, ṣé orúnkún ni yóò wá dá yín?"

Mavjuda ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kàn án."

Kò fọwọ́ kàn án. Ó ní òun ti ń wo orúnkún àwọn oníjàkadì kí wọ́n tó bí Mavjuda, pé ohun tí ìjà fi sílẹ̀ ni, ojú ọjọ́ ló rú u sókè. Ọkùnrin ọ́fíìsì hokim kò wo orúnkún rárá, ó ń wo aago. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: "Ṣé yóò lè dúró lọ́la?"

Ọ̀gá dókítà ní yóò dúró. Ó ní kí Mavjuda gún un ní abẹ́rẹ́ orúnkún, èyí tó ń mú kí wíwú rọlẹ̀. Mavjuda ní òun kò ní fi ọwọ́ òun gún irú oògùn yẹn sínú oríkèé tó ṣeé ṣe kó ti ní ọyún, nítorí ńṣe ni yóò pa àwọn ọmọ ogun ara lẹ́nu mọ́ níwájú ọ̀tá. Ọ̀gá gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó ní kí dókítà kékeré lọ máa pe ẹni tó kàn.

Eshqobil wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Ó bi Mavjuda pé, "Ọmọ mi, kí ni kí n ṣe?"

"Termez, Bàbá. Lónìí."

Tolib Saidovich fọwọ́ lé e léjìká. Ó ní, "Ẹ kan bá wa dúró lọ́la nìkan. Bí àlejò bá ti lọ, èmi fúnra mi ni n ó wakọ̀ gbé yín lọ sí Termez."

Ẹ ò mọ Eshqobil bí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ dókítà ló borí. Àlejò ló borí. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé àwọn ènìyàn ti gbéra láti ọ̀nà jíjìn, kò dára kí wọ́n dé kí wọ́n bá àga òfìfo. Ó sì gba ọ̀rọ̀ ọ̀gá náà gbọ́, nítorí pé níbi tí òun ti wá, bí ọkùnrin bá fọwọ́ lé ọ léjìká tó ní òun yóò ṣe é, yóò ṣe é. Ó na ẹsẹ̀ fún un.

Abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Wíwú dín, oògùn ìrora tí wọ́n gún sí i ní ìdí mú ibà lọ sá pamọ́, ó sì sun oorun díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi chapan àrán bò ó léjìká, wọ́n gbé e sí àga ńlá. Olùkéde pe orúkọ rẹ̀, ó ní kí Polvon dìde kí ayé rí i. Ó dìde. Gbọ̀ngàn hó. Ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n kò gbà á dáadáa, wọ́n ní kó tún dìde. Ó dìde. Àlejò Tashkent fẹ́ ya fọ́tò, wọ́n ní kí Polvon wá sáàárín. Mo rí ojú rẹ̀ láti ibi tí àwọn oníròyìn jókòó sí. Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní omijé ayọ̀ nìyẹn. Òógùn ni. Ó ń ṣàn wọ inú irùngbọ̀n rẹ̀, ètè rẹ̀ sì ti funfun.

Kí ìjà àkọ́kọ́ tó parí, ó ti ń bẹ Erali pé kó mú òun lọ sílé. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn kan ṣoṣo tí a ní ní Chilonsoy wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn nítorí bí oníjàkadì kan bá ṣẹ́ apá. Erali bẹ awakọ̀ náà. Awakọ̀ ní òun kò lè kúrò kí àlejò tó kúrò, pé kì í ṣe ẹnu òun ni àṣẹ ti wá. Ẹ gbọ́ mi: ọkọ̀ aláìsàn dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé tí orúkọ ọkùnrin náà wà lára rẹ̀, kò sì lè gbé ọkùnrin náà.

Ní ìrọ̀lẹ́, àlejò ń jẹ àgbò sísun. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Erali ń wojú ọ̀nà fún Tolib Saidovich. Erali pè é lórí fóònù, ọ̀gá náà ní òun wà nípàdé. Ó tún pè é, kò gbé e mọ́. Nígbà tí bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àwọn òkú, Erali yá ọkọ̀ akẹ́rù lọ́wọ́ aládùúgbò, a tẹ́ ìbora sí ẹ̀yìn rẹ̀, a gbé Polvon sórí rẹ̀. Mo wà lára àwọn tó gbé e. Ó ṣì wúwo. Ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wa pé òun wúwo.

Ní Termez, oníṣẹ́ abẹ ṣí orúnkún náà, ọyún ló tú jáde. Ó jáde bá Erali, ó bi í pé ta ló gún un ní abẹ́rẹ́ sínú irú èyí. Ó ṣe ohun tó lè ṣe. Ṣùgbọ́n kòkòrò ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ti ń dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan ló lò níbẹ̀. Láàárọ̀ Jímọ̀, ó lọ, a sì gbé òkú rẹ̀ padà wálé.

N kò ní purọ́ fún yín nítorí ìbínú. Mo lọ bá Mavjuda, mo bi í bóyá Polvon ìbá yè ká ní ó dé Termez ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó ní òun kò lè búra, pé irú àìsàn yìí ti pa àwọn tó tètè dé pàápàá. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n ó wá bá wa lórí àkókò. Òun ti ṣe ipa tirẹ̀." N kò tíì rí ẹni tó sọ ọ́ dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà wá lórí àkókò. Ó sọ ohun tó ń ṣe é. Dókítà rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Nínú àìsàn eegun, ibo ni irú oríire yẹn ti ń wá? Ẹ̀yin ọ̀gá wa lẹ sọ ọ́ nù, kí fọ́tò lè pé.

Ṣé ẹ mọ ibi tí Mavjuda wà báyìí? Wọ́n ti gbé e lọ sí abúlé kan lórí òkè, níbi tí iná kì í dé déédéé, pé ó "kọ àṣẹ ọ̀gá". Ṣé ẹ mọ ẹni tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tí yóò wádìí ikú Polvon? Tolib Saidovich ni. Ó ti wádìí ara rẹ̀, kò rí ẹ̀bi. Àwọn ìyá àgbà sì ti padà sí abẹ́rẹ́ wọn. Wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde, ẹnikẹ́ni kò ní kí wọ́n rìn lọ kí wọ́n rìn bọ̀. Èyí tó bú Mavjuda nípa ẹṣin béèrè lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ìgbà wo ni ọmọ náà yóò dé.

Nítorí náà, mo ń béèrè ní gbangba, kì í ṣe fún òdòdó. Kí wọ́n gbé ìwádìí yìí kúrò lọ́wọ́ ẹni tí a ń wádìí. Kí àwọn dókítà tí kì í jẹun lọ́wọ́ hokim wa wá láti Termez, kí wọ́n gbọ́ ẹnu Mavjuda, ẹnu nọ́ọ̀sì tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àti ẹnu awakọ̀. Kí wọ́n dá Mavjuda padà sí yàrá rẹ̀. Kí ọ́fíìsì hokim sì sọ orúkọ ọkùnrin tó ń wo aago. Oṣù méjì ni mo ti ń béèrè rẹ̀. Gbogbo wọn ní àwọn kò mọ̀ ọ́n, bí ẹni pé ńṣe ló ṣìnà wọlé.

Lọ́sẹ̀ yìí, àwọn ènìyàn hokim tún wá sí àgbàlá Ìyá Erali. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi orúkọ ọkọ rẹ̀ sọ òpópónà wa, kó wá gé rìbọ́ọ̀nù. Ó bu tíì fún wọn, ó gé búrẹ́dì síwájú wọn gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó jẹ́ kí wọ́n mu tíì náà tán. Ó wá ní, "Ẹ ṣeun. Àwọn méjì ló wọ yàrá yẹn tọ ọkọ mi wá. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá dúró níwájú àwọn ènìyàn, tí ọ̀kan sọ pé 'Èmi ni mo gún un,' tí èkejì sọ pé 'Èmi ni mo ní kó dìde,' ẹ wá mú mi lọ síbi rìbọ́ọ̀nù yín. Títí di ọjọ́ náà, ẹ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ti ilé mi ni."